Bí Òṣìṣẹ́ Èkó Ṣe Lè Rí Àyè Sinmi, Kó sì Tọ́jú Ara Rẹ̀

Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Ṣàngó Ọ̀tà, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Márínà, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìsinmi dára. Ó mọ̀. Ibi tí yóò ti rí i ni kò mọ̀. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde nílé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń wọlé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: wákàtí 16 ààbọ̀ ló lò níta. Wákàtí 7 ààbọ̀ ló kù, inú rẹ̀ náà ni yóò ti wẹ̀, tí yóò ti jẹun, tí yóò ti wo iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ, tí yóò ti bá ọkọ tàbí aya sọ̀rọ̀, kó tó wá kan oorun. Tí a bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó ṣáà máa fara balẹ̀, a kò tíì ràn án lọ́wọ́.

Ohun kan dá mi lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí: ìsinmi tí a bá fi sílẹ̀ de ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ kò ní wáyé, torí iṣẹ́ kì í tán. Bí a ṣe ń dá àjọ ló yẹ ká ṣe é. Alájọ kì í dúró dìgbà tí owó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa. Ó ń gba tirẹ̀ láàárọ̀, a wá ń fi èyí tó kù gbé ọjọ́ náà. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, bí a ṣe máa kọ́kọ́ yọ àkókò tiwa sọ́tọ̀ ni wọ́n dá lé lórí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀

Ẹ wá ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú, ẹ máa kọ ohun tí ẹ ń ṣe àti aago tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò gba àlàyé: “Wọ ọkọ̀, 4:50. Dé ọ́fíìsì, 6:40. Sùn lórí tábìlì, 6:45.” Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ti fóònù náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tan ara wọn. Fóònù fúnra rẹ̀ ń ka iye wákàtí tí ẹ lò lórí rẹ̀ lójúmọ́. Ẹ wọ inú settings, ẹ óò rí i.

Ẹ má yí ohunkóhun padà lọ́sẹ̀ yẹn. Ìgbésí ayé yín bó ṣe wà gan-an ni kí ẹ kọ. Nígbà tó bá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo wákàtí tí kò mówó wọlé, tí kò mára tura, tí kò sì ṣe ẹnikẹ́ni tí ẹ fẹ́ràn lóore. Ohun tó sábà máa ń pupa jù ni ojú ọ̀nà, fóònù láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá òru, àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ibẹ̀ ni a óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àkókò padà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Oorun ni kí ẹ kọ́kọ́ fún láàyè

Ó kéré tán, àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 lóru. Ẹ kà á sẹ́yìn láti aago tí ẹ ń jí. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin gbọ́dọ̀ ti sùn ní aago mẹ́sàn-án. Ẹni tó jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án ló ń wọlé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè yanjú nínú yàrá ìbùsùn nìkan. Ojú ọ̀nà ló máa ti yanjú, a ó sì dé ibẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹ pín oorun sí méjì. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tàbí BRT dára fún apá kejì, bí ẹ bá ti rí ìjókòó. Ẹ fi okùn báàgì kọ́ ọrùn, ẹ gbé e síwájú, kí fóònù wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú rẹ̀. Nínú danfó tí ẹ kò ti mọ ẹnì kankan, ẹ má sùn.

Bí ibi iṣẹ́ yín bá gbà yín láàyè, oorun ọ̀sán ìṣẹ́jú 20 máa ń ṣiṣẹ́ gan-an. Kó má ju 30 lọ, torí èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ènìyàn jí pẹ̀lú orí wúwo.

Ọ̀rọ̀ obì, kọfí àti àwọn ohun mímu agbára tí wọ́n ń tà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: káféènì, èròjà tó ń lé oorun lọ, ló wà nínú gbogbo wọn, nínú obì náà. Nǹkan bíi wákàtí 5 ni ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára, nítorí náà obì tí ẹ jẹ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí ojú yín lè là lójú ọ̀nà ṣì wà lára yín ní aago mẹ́wàá tí ẹ fẹ́ sùn. Lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ti yàrá, ẹ wẹ̀ kí ẹ tó sùn, ẹ so àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ fi fóònù síbi tí ọwọ́ yín kò ti ní tó o. Fáànù tó ń lo bátìrì sàn ju jẹnẹrétọ̀ àṣùnmọ́jú lọ. Bí ẹ bá máa tan jẹnẹrétọ̀ rárá, kó jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Èéfín rẹ̀ kì í jí ènìyàn tó bá ń sùn, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gba wákàtí padà lọ́wọ́ ojú ọ̀nà

Èmi rò pé ibí ni iṣẹ́ wà jù, kì í sì í sábà wọ inú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ènìyàn lórí ìsinmi. Wọ́n á ní kí ẹ mí sínú, kí ẹ mí síta. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́ta lórí afárá Third Mainland, afárá tí gígùn rẹ̀ kò ju kìlómítà 11.8 lọ, ohun tó nílò jùyẹn lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀nà mìíràn ti wà tí ẹ kò tíì gbìyànjú. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Mile 2 dé Márínà, kìlómítà 13. Ẹni tó ń ti ọ̀nà Fẹ́sítáákì tàbí Òjó bọ̀ lè wọ ọkọ̀ dé Mile 2, kó wá gun rélùwéè. Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádó dé Oyíngbò, kìlómítà 27. Ó ń dúró ní Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Muṣin àti Yábà. Láti Oyíngbò, ọkọ̀ ni ẹ óò wọ̀ wọ Erékùṣù. Àwọn ará Ìkòròdú ní ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò. Ẹ má wọ èyí tí kò bá fún yín ní jákẹ́ẹ̀tì ìmúléfòó, kódà bí ó kù díẹ̀ kí ẹ pẹ́ níbi iṣẹ́. Káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, ọ̀kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú BRT àti rélùwéè. Ẹ gbìyànjú ọ̀nà tuntun yìí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ aago rẹ̀ sínú ìwé yín, ẹ wá fi í wé ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo aago tí ẹ ń kúrò ní ọ́fíìsì. Bí ẹni tó jáde ní aago márùn-ún bá ń délé ní mẹ́jọ ààbọ̀, tí ẹni tó jáde ní méje náà sì ń délé ní mẹ́sàn-án, a jẹ́ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni ẹni àkọ́kọ́ fi wákàtí méjì rà nínú ooru. Ìwé yín ni yóò sọ bó ṣe rí lọ́nà tiyín. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wákàtí méjì yẹn ni àkókò ìtọ́jú ara yín. Ẹ ti tábìlì iṣẹ́ pa, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá rò pé ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ rìn káàkiri àdúgbò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ka ìwé, ẹ pe ọ̀rẹ́ tí ẹ ti ń sọ pé ẹ óò pè. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó. Láwọn ọjọ́ tó kù, ẹ sáré jáde kí ẹ lè tètè sùn.

Owó ọkọ̀ ti ga gan-an láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023. Èyí mú kí ọgbọ́n kan tí àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ń dá wúlò sí i: kí ènìyàn máa sun ilé ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó wà nítòsí ibi iṣẹ́ ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ẹ má lọ bá wọn lọ́wọ́ òfo. Ìrẹsì, gààrì, òróró, ohun tó bá wọlé sí ilé ìdáná wọn ni kí ẹ máa gbé lọ, kí ẹ sì máa ṣiṣẹ́ ilé níbẹ̀ bí ọmọ ilé.

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà gbé, ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́, kí ẹ ti mú ètò lọ́wọ́. “Ọ̀gá mi, mo fẹ́ bẹ̀ yín ni. Tí ẹ bá lè jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ fún oṣù kan, màá máa fi iṣẹ́ ọjọ́ náà ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́rin. Tí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn, màá padà sí bó ṣe wà.” Oṣù kan rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti gbà ju “títí láé” lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìsinmi tí òfin ti fún yín tẹ́lẹ̀

Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, Labour Act, sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ń lo wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tó tó wákàtí kan lápapọ̀. Ó tún ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, àti ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 fún lííìfù olówó lẹ́yìn oṣù 12. Àwọn akọ̀wé àti àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ni òfin náà dárúkọ. Àwọn ọ̀gá àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń lo ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn. Ẹ lọ ka ìwé àdéhùn yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní lííìfù tí wọn kò gbà títí ọdún fi parí.

Ìdí tó fi yẹ ká mú un ní òkúnkúndùn ni pé Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2021. Wọ́n rí i pé ewu rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 sókè lọ́sẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu kí àìsàn ọkàn pa á náà sì fi ìdá 17 ga.

Ẹ fi tábìlì iṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ jẹun ọ̀sán. Omi náà ṣe pàtàkì: àwọn obìnrin púpọ̀ kì í mu omi láti àárọ̀ torí pé wọn kò fẹ́ kí ìtọ̀ gbọ̀n wọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Orí fífọ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń pè ní wàhálà iṣẹ́, omi tí kò sí lára lè wà nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá ti dé ọ́fíìsì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ omi, ẹ mu púpọ̀ rẹ̀ kó tó di aago mẹ́ta, ẹ tọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ọ̀gá tó máa fún yín ní lííìfù, ẹ̀yin gan-an ni yóò fún ara yín. Ẹ bá ẹni tí ṣọ́ọ̀bù yín jọ fara kanra ṣàdéhùn: ó ń bá yín wo ọjà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀yin náà ń bá a wo tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ kọ iye owó ọjà sára rẹ̀ kó má baà máa pè yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lóru àti lọ́sàn-án, òfin ibẹ̀ fún yín ní wákàtí 11 ìsinmi láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan sí ìkejì. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé pé ẹ lè ṣe ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀, ẹ lè fa ọwọ́ yín yọ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Fóònù

Ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé, ti ilé ìwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ti àdúgbò, ti òbí ọmọ ilé ìwé. Ẹ pa ohùn gbogbo wọn, ẹ fi wọ́n sí archive, ẹ máa ṣí wọn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ohùn sílẹ̀ fún nọ́ńbà àwọn òbí yín, ọkọ tàbí aya, àti ilé ìwé ọmọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá le fún yóò pè. Bí ọ̀gá bá ń kọ̀wé sí yín ní aago mọ́kànlá òru, tí iṣẹ́ náà kò sì kan ẹ̀mí ènìyàn, ẹ dá a lóhùn ní aago mẹ́fà àárọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Yóò mọ aago yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gba ọjọ́ Àbámẹ́ta padà

Kò sí ẹni tó máa sọ fún Yorùbá kó má lọ sí ìnáwó. Àwọn ènìyàn wa ni agbára wa, ẹni tí kò bá sì yọjú sí tẹlòmíràn, ta ni yóò yọjú sí tirẹ̀? Síbẹ̀, ẹni tó bá ń lọ òwàḿbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ọjọ́ Àìkú rẹ̀ jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì láti aago méje àárọ̀, kò ní ọjọ́ ìsinmi kankan títí oṣù fi ń parí.

Ẹ kọ gbogbo ìpè tó wà nílẹ̀ fún oṣù náà. Ẹ bi ara yín léèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé wọ́n máa wá ojú mi níbẹ̀, àbí mo kàn máa bá wọn kún agbo ni? Ìsìnkú òbí àna, ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n, ìkómọ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, wọ́n máa wá ojú yín. Ẹ lọ, ẹ jó, ẹ gbádùn ara yín, torí fàájì gidi náà wà nínú ìtọ́jú ara. Ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ ẹnì kan tí ẹ pàdé níbi iṣẹ́ àtijọ́, agbo ni. Ẹ fi àbámẹ́ta kan sílẹ̀ lóṣù, ó kéré tán, tí kò ní ìpè kankan, ẹ sì kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa kọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ pe ẹni tó ń ṣe ìnáwó lórí fóònù fúnra yín, ẹ má kọ ọ́ ránṣẹ́, kó má sì jẹ́ lọ́jọ́ ìnáwó gan-an. “Ẹ kú ìnáwó o, Mà. Ire náà á kárí. Ara mi ń fẹ́ ìsinmi lọ́sẹ̀ yẹn ni mi ò ṣe ní lè dúró, ṣùgbọ́n màá yà kí yín nílé ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o, Mà.” Ẹ wá yà lóòótọ́ ní Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú ohun tí ẹ fẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ọ̀pọ̀ àgbà ni yóò rántí ẹni tó wá kí wọn kí èrò tó dé ju ẹni tó jókòó sí tábìlì kọkàndínlógún lọ. Aṣọ ẹbí kò pọn dandan. Bí ẹ bá sì rà á torí ìfẹ́, kò ní kí ẹ má jókòó sílé.

Ìgbésẹ̀ keje: Iṣẹ́ ilé kì í ṣe ti ẹnì kan

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, obìnrin àti ọkùnrin ló jọ ń jáde ní ìdájí, obìnrin nìkan ló ń wọ ilé ìdáná ní alẹ́. Ìsinmi ìyàwó kò lè dé bí èyí kò bá yí padà. Ẹ jókòó lọ́jọ́ Àìkú, ẹ kọ iṣẹ́ ilé sílẹ̀, kí oníkálukú yan tirẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fọ abọ́, ó lè ká aṣọ, ó lè gbálẹ̀.

Ẹ lọ ata ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan: tàtàṣé, tòmátò, ata rodo, àlùbọ́sà. Ẹ sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, ẹ wá dín in nínú òróró títí òróró yóò fi léfòó. Bí iná kò bá sí fún fíríìjì, ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ títí yóò fi hó, kí ẹ má sì ki ṣíbí tí omi wà lára rẹ̀ bọ̀ ọ́. Pẹ̀lú èyí nílé, ọbẹ̀ alẹ́ kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ara fúnra rẹ̀

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ wẹ ìwẹ̀ tí kì í ṣe ti ìkánjú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn ìbílẹ̀. Ẹ fi òrí ra ẹsẹ̀ àti orúnkún, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, kí ẹnikẹ́ni má pè yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin obìnrin, ìjókòó irun dídì wà nínú ìtọ́jú ara. Ẹ má gbé iṣẹ́ dání lọ síbẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú ọ́fíìsì, ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan, ti inú magí náà sì wà lára rẹ̀.

Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tàbí kẹ́mísì tó ṣeé gbára lé. Bó bá ń fi 140 lórí 90 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ lọ rí dókítà, ìsinmi nìkan kò ní wò ó. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé kú tipiri, tí ẹnu bá wọ́, tàbí tí àyà bá ń dun yín bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù lé e, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí ìbànújẹ́, àìlèsùn tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun bá wà lára fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ wá dókítà fún un. Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, gbajúmọ̀ dókítà àrùn ọpọlọ, ti ṣiṣẹ́ láti àwọn ọdún 1950, àti ti Yábà ní Èkó, ń gba àwọn tó ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́ ọmọ, tí ọkàn wọn kàn ti rẹ̀. Wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á sì padà sílé. Bí èrò ikú bá ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, ẹ má dá jókòó.

Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ bá dàrú

Ọmọ yóò ṣàìsàn, òkú yóò ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ oṣù Kejìlá yóò dé. Ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀, ẹ di oorun, omi, àti oògùn yín mú bí ẹ bá ń lo oògùn. Ẹ má gbìyànjú láti san gbèsè ìsinmi tó fò yín. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹ padà sí ètò.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ mú ìwé kékeré náà, ẹ tún kọ ọ̀sẹ̀ kan. Bí wákàtí ojú ọ̀nà kò bá tíì dín, a jẹ́ pé ilé tàbí iṣẹ́ lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ ọdún kan, ẹ fi kún owó ilé tí ẹ ń san, ẹ wá fi àpapọ̀ rẹ̀ wé owó yàrá kan àti pálọ̀ nítòsí ibi iṣẹ́. Nígbà mìíràn, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé nígbà tó bá ku oṣù mẹ́rin kí owó ilé yín tó parí, kí ẹ lè rí àyè tọ́jú owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣàn, kí ẹ sì lè lọ wo ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án àti lóru.